Bí ọmọ Ifẹ̀ tàbí Iléṣà ṣe lè di ẹnjiníà ọkọ̀ ìdíje

Nígbà tí eré Formula 1 bá ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, awakọ̀ ni gbogbo ojú ń wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn tó ń pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an kò sí nínú àwòrán. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan lè ní òṣìṣẹ́ tó tó 1,000, bẹ́ẹ̀ òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé, kò jẹ́ kí àwọn tó ń fọwọ́ kan iṣẹ́ ọkọ̀ ní pápá ju nǹkan bí 60 lọ. Àwọn tó kù wà nílé iṣẹ́, ní Brackley, Milton Keynes àti Woking ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Maranello ní Ítálì, ní Hinwil ní Switzerland. Wọ́n ń ya àwòrán, wọ́n ń gé irin, wọ́n ń to carbon fibre léra wọn, wọ́n ń wá ibi tí ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdù gbà sọnù. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ pé ìwọ fẹ́ di awakọ̀, ọ̀nà tìrẹ yàtọ̀, owó rẹ̀ sì ju ti ibí lọ fíìfíì.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ: kò sí pápá ìdíje kankan nítòsí wa, kódà Formula 1 kò tíì padà sí Áfíríkà láti ọdún 1993 tí wọ́n sá a kẹ́yìn ní Kyalami, Gúúsù Áfíríkà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kì í béèrè iye eré tí o ti wò. Wọ́n á béèrè ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, bí o ṣe wọ̀n ọ́n, àti ohun tí o yí padà nígbà tí nọ́ńbà kò bá èrò rẹ mu. Gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe láàárín Lágere ní Ifẹ̀ àti ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: mọ orúkọ iṣẹ́ tí o ń lé

"Mo fẹ́ ṣe F1" kì í ṣe orúkọ iṣẹ́. Lábẹ́ òrùlé kan náà, ẹnìkan ń ṣe aerodynamics, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kọjá lára ọkọ̀ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ń ṣe vehicle dynamics: táyà, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, bí ẹrù ọkọ̀ ṣe ń sún síwájú nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Àwọn kan wà nídìí ẹ́ńjìnnì àti bátìrì, àwọn kan nídìí wáyà àti sẹ́ńsọ̀, àwọn kan ń kọ software, àwọn kan ń gé irin lórí ẹ̀rọ CNC tí kọ̀ǹpútà ń darí. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ́ìlì àti epo nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Má fojú kéré àwọn tó kẹ́yìn yẹn. Stephanie Travers, tí wọ́n bí ní Harare ní Zimbabwe, chemical engineering ló kà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ Mercedes, ọ́ìlì àti epo ọkọ̀ wọn ló máa ń dán wò ní pápá, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gun pèpéle ìṣẹ́gun Formula 1, ní Styrian Grand Prix ọdún 2020. Ross Brawn, tó jẹ́ olórí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nígbà tí Michael Schumacher ń gba ife lẹ́yìn ife, ìdí ẹ̀rọ milling tó ń gé irin ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976, ní March Engineering, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ìdíje nígbà náà. Adrian Newey, tó ya àwòrán ọ̀pọ̀ ọkọ̀ F1 tó gba ife, gba ọ̀nà ìwé ní tirẹ̀: ó ka aeronautics ní Southampton, ó parí ní 1980, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀ sì dá lórí bí afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ṣe ń fà á mọ́lẹ̀.

Èrò tèmi rèé. Aerodynamics ni gbogbo ọmọ tuntun ń sáré lọ, ìlà ibẹ̀ ló sì gùn jù. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà, tí kò ní wind tunnel, ìyẹn ihò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń dán ọkọ̀ wò, tètè máa rí ẹ̀rí iṣẹ́ kó jọ nídìí data, sẹ́ńsọ̀, wáyà àti software, torí kọ̀ǹpútà kan àti sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Òfin Formula 1 ti 2026 tún la ọ̀nà náà sí i. Mọ́tò iná inú ọkọ̀ kúrò ní 120 kW ó di 350 kW, nǹkan bí ìdajì agbára ọkọ̀ sì ti ń wá láti ara iná. Ọmọ Electrical tó rò pé eré ọkọ̀ kò kan òun, kó tún un rò.

Ìgbésẹ̀ kejì: ilé-ìwé

Ibí kò gùn. Ní WAEC, má fi Mathematics, Physics, Chemistry àti English ṣeré. Bí ilé-ìwé rẹ bá ní Further Mathematics àti Technical Drawing, mú méjèèjì. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn náà ni wàá ṣe ní JAMB. Ní OAU, Faculty of Technology ni wàá forí lé: Mechanical, Electronic and Electrical, Materials Science, Chemical, tàbí Computer Science and Engineering. Kò sí ẹ̀ka kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ motorsport, èyí kò sì dí ọ lọ́wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà lókè òkun, Mechanical tàbí Aeronautical lásán ni wọ́n kà. Ẹni tí yunifásítì kò tíì bọ́ sí lè gba ND ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Ẹ̀sà-Òkè, kó wá gbabẹ̀ wọlé lẹ́yìn náà. Má dúró sórí iṣẹ́ ọwọ́ nìkan bó bá jẹ́ pé òkè òkun lo ń wò, torí físà iṣẹ́ kì í sábà rọrùn fún ẹni tí kò ní dìgírì.

Láàárín ọdún 5 tí wàá lò ní yunifásítì, mechanics of machines, fluid mechanics, strength of materials, vibrations àti control ni kí o fi ara jìn fún jù. Second class upper ni kí o máa lé, torí òun ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé Másítà ń béèrè. Tètè bá olùkọ́ tó máa bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ sọ̀rọ̀ ní 400 level, kí o gbé àkòrí tó kan ọkọ̀ lọ bá a, kí wọ́n má baà fún ọ ní èyí tí ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá ti ṣe.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí: mo mọ̀ pé "eré ọkọ̀" ń dún bí eré létí yín. Ìmọ̀ tí ọmọ náà ń kọ́ ni Shell, ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú náà ń wá. Bí ọkọ̀ ìdíje kò bá bọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò ní ṣófo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wọ ṣọ́ọ̀bù, kí o sì fi ọ́ìlì kun ọwọ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ yunifásítì ka èyí sí ìrẹ̀sílẹ̀. Àwọn náà ló máa ń ya bóòtù síbi tí sípánà kankan kò lè dé nínú àwòrán wọn. Ọ̀gá tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì Toyota láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìró tí bearing ń dún kó tó kú, ó mọ ibi tí gáskẹ́ẹ̀tì ti máa ń kọ́kọ́ jó. Ìgbà ìsinmi dára fún un. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU náà dára fún un, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ẹni tó lo oṣù mẹ́jọ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kò pàdánù ọdún náà.

Lọ ní àárọ̀ kí iṣẹ́ tó gbóná. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Sọ òótọ́: ọmọ ilé-ìwé ni ọ́, o fẹ́ kọ́ṣẹ́ fún oṣù méjì, o kò bèèrè owó. Má já ọ̀gá nírọ́ níwájú oníbàárà, kódà bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Bi í ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ẹ bá ń kó sípánà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí o bá níbẹ̀, bí o tilẹ̀ jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, àwọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ nídìí iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o fọ páàtì, fọ̀ ọ́ kó mọ́.

Má kúrò níbẹ̀ títí wàá fi fọwọ́ ara rẹ ṣe nǹkan mẹ́rin: tú bíréèkì pátápátá kí o sì tò ó padà, kí o yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù rẹ̀, sọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan kalẹ̀, láti ṣọ́ọ̀kì dé bush, tú orí ẹ́ńjìnnì, lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rewire kí o lè máa ka wáyà. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa kì í ṣe, tó sì jẹ́ òfin nínú ọkọ̀ ìdíje: dídi nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀n. Àwọn ọ̀gá wa ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn sì dáa, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ eré kò gba "ó ti le". Nọ́ọ̀tì táyà Corolla jẹ́ 103 Nm. Wá torque wrench, sípánà tó ń fi ìwọ̀n dídì hàn, yá, fi ọwọ́ di tìrẹ, kí o wá wọ̀n ọ́n. Ohun tí wàá rí á yà ọ́ lẹ́nu.

Lẹ́yìn mẹkáníìkì, ọ̀dọ̀ wẹ́dà àti àwọn onílathe ló kàn. Tí àkókò SIWES, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, bá dé, tí ITF ti dá sílẹ̀ láti 1973, oṣù mẹ́fà gbáko ni ọmọ engineering ní. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ sí ọ́fíìsì tí wàá ti máa ra oúnjẹ fún ọ̀gá. Prototype Engineering Development Institute wà ní Iléṣà níbí, lábẹ́ NASENI, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ wọn sì ni láti sọ àwòrán di ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Kọ lẹ́tà síbẹ̀ kí o tó kọ sí ibòmíràn. Ẹ̀ka NASENI tó ń rí sí ohun èlò irin náà wà ní Àkúrẹ́.

Tí wọ́n bá sì ń fi casting, ìyẹn dída irin yíyọ́ kó lè gba ìrísí, dẹ́rù bà ọ́, rántí ilé rẹ. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1938, ìda ni wọ́n fi mọ wọ́n kí wọ́n tó da bàbà yíyọ́ sí i. Ọ̀nà ìda yẹn náà, tí a ti tún ṣe, ni wọ́n fi ń da àgbá kékeré tó ń yí nínú turbo ọkọ̀ lónìí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan

Ibí ni ọ̀nà ti pín. Mẹkáníìkì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹnjiníà ọkọ̀ ìdíje gbọ́dọ̀ sọ iye tó jẹ́, kó sì fi hàn pé òun kò méfò. Ohun èlò rẹ ti wà lápò. Phyphox, áàpù ọ̀fẹ́ tí yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ṣe, máa ń ka sẹ́ńsọ̀ inú fóònù, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ. Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, bó bá jẹ́ ti 1996 sókè, ó ní ihò OBD-II, ibi tí a ti ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ELM327 kékeré kan tó ń lo Bluetooth á máa fi ìyípo ẹ́ńjìnnì àti ìgbóná omi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Kò yára, ìgbà díẹ̀ ló ń kà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan, ṣùgbọ́n ó tó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ohun tí à ń wá ni ipá tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tì í mọ́: afẹ́fẹ́ iwájú, táyà lórí ọ̀dà, bearing àti gíà nínú. Wá Corolla kan, àti ẹni tó ní láísẹ́ǹsì tó sì mọ ọkọ̀ wà dáadáa. Ìwọ kọ́ ni awakọ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ ni akọ̀wé. Wá ojú ọ̀nà títọ́ tí kò ní kòtò, ní àárọ̀ kùtùkùtù tí atẹ́gùn kò fẹ́ tí ọkọ̀ kò sì sí níbẹ̀. Òpópónà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kọ́ o, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Awakọ̀ á sáré dé nǹkan bí 60 km/h, á fi gíà sí neutral láìpa ẹ́ńjìnnì, torí síárìn àti bíréèkì nílò rẹ̀, á wá jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. GPS fóònù á máa kọ ìyára sílẹ̀. Má lo ti dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sábà máa ń bù mọ́ ọn.

Ká ní ìyára já láti 15 m/s, ìyẹn 54 km/h, sí 13 m/s láàárín sẹ́kọ́ǹdù 10. Ọkọ̀ ń pàdánù 0.2 m/s ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ bá wúwo tó 1,300 kg, ipá tó ń fà á sẹ́yìn jẹ́ 1,300 × 0.2, ìyẹn 260 N (newton).

Má tíì yọ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò mọ títẹ́jú. Bí ọ̀nà bá fi mítà kan péré ga sókè láàárín 100 mítà, ojú rẹ lè má rí i, ṣùgbọ́n òkè kékeré yẹn nìkan á mú nǹkan bí 128 N wá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wàá fi lọ, tí wàá fi bọ̀, lórí ibì kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí gígun òkè àti sísọ̀ lè pa ara wọn rẹ́ nígbà tí o bá wá àárín wọn. Bí lílọ mẹ́ta bá fún ọ ní 240, 262 àti 255, o ti ní nǹkan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fún ọ ní 150, 310 àti 220, kò tíì sí ohun tí o mọ̀. Wá ohun tó ń da ìdánwò náà rú kí o tó máa ṣàlàyé ọkọ̀.

Nígbà tó bá ti dúró, yí ohun kan ṣoṣo padà. Jẹ́ kí fọkanáísà dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 24 psi, tún un ṣe. Gbé e sókè sí 32 psi, tún un ṣe. Kọ ojú ewé méjì: ìbéèrè, ọ̀nà tí o gbà, àwòrán gíráàfù, iye tí o rí, iye tí àṣìṣe lè tó, àti ohun tí wàá ṣe yàtọ̀ nígbà mìíràn. Fi àwọn ìgbà tó bàjẹ́ sí i pẹ̀lú, kí o sọ ìdí tí o fi yọ wọ́n kúrò nínú ìṣirò. Iṣẹ́ tí performance engineer, ẹni tó ń wá bí ọkọ̀ ṣe máa yára sí i, ń ṣe ní ọjọ́ Ẹtì kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, àyàfi pé sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún, àkókò tirẹ̀ sì kéré.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: kọ̀ǹpútà

Má ra software olè. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti pọ̀ tó: FreeCAD fún àwòrán, GNU Octave fún ìṣirò ní ipò MATLAB olówó, Python fún data, OpenFOAM fún afẹ́fẹ́, ANSYS náà ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. RAM 8 GB á gbé FreeCAD àti Python. OpenFOAM fẹ́ 16 GB kó tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ti iná, OpenFOAM kò burú fún ilẹ̀ wa. Bí o bá jẹ́ kí writeInterval, àlàfo tó wà láàárín ìgbà tó ń kọ èsì sílẹ̀, kéré, tí o sì fi startFrom sí latestTime, ìgbà tí iná bá padà dé, ibi tó ti kọ èsì sí gbẹ̀yìn ló ti máa tẹ̀síwájú, kì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Python ni mo ní kí o kọ́kọ́ dì mú. Àkójọ kóòdù (library) kan wà tó ń jẹ́ FastF1, ọ̀fẹ́ ni, ó ń kó àkókò àti ìyára àwọn ọkọ̀ Formula 1 wá láti 2018. Mú awakọ̀ méjì tí wọ́n jọ wa irú ọkọ̀ kan náà, fa ìlà ìyára wọn léra, kí o wá sọ ibi tí ọ̀kan ti jèrè lórí èkejì: ṣé ó pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì ni, àbí ó tètè tẹ accelerator bó ṣe ń jáde nínú kọ́nà? Gbé e sí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ software ń kó iṣẹ́ wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń ka CV rẹ lè ṣí i, kó sì rí bí o ṣe ń ronú.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kó ẹgbẹ́ jọ

Ìdíje akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń mú ènìyàn jù. Formula SAE bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1981. Formula Student dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1998. Akẹ́kọ̀ọ́ á ya àwòrán ọkọ̀ kékeré oníjókòó kan, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á sì wà á. Àpapọ̀ máàkì jẹ́ 1,000. Eré gígùn tó dán agbára ọkọ̀ wò ló ní 275, ṣùgbọ́n 150 wà fún àlàyé àwòrán níwájú àwọn adájọ́, 100 fún ìṣirò owó, 75 fún ètò ìṣòwò. Ọkọ̀ tó yára tí kò sẹ́ni tó lè sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kì í gba ife. Shell Eco-marathon ní tirẹ̀ kò wo eré sísá, bí ọkọ̀ ṣe lè jìnnà tó lórí epo díẹ̀ ló ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG, ABU Zaria àti UNIBEN ti gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ rí.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ní OAU tàbí ní Ẹ̀sà-Òkè, ènìyàn 8 sí 12 tó ń wá sí ìpàdé sàn ju 60 tó wà lórí WhatsApp. Lọ́dún àkọ́kọ́, má kọ́ ọkọ̀. Ka ìwé òfin ìdíje parí, ya férémù, kí ẹ sì kọ́ ohun kan ṣoṣo tó ṣeé dán wò, bíi pẹ́dàlì bíréèkì àti àpótí rẹ̀. Yan akápò tó ń ka owó jáde ní gbangba, torí owó ló ń tú ẹgbẹ́ ká, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Kó tó di pé ẹ lọ bá àwọn tó ti jáde ilé-ìwé fún ìrànwọ́, ẹ ní ohun kan tí wọ́n lè fọwọ́ kàn.

Ẹ kọ́ láti fi ìṣirò dá ara yín lójú kí ẹ tó náwó. Nínú ìdánwò skidpad, ọkọ̀ ń yí òbìrípo tí àárín ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ mítà 9.125 láti àárín. Ẹni tó yí i lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdù 5 ti rin mítà 57.3, ìyára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 11.5 m/s. Bí a bá fi ìyára yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a pín in fún 9.125, a ó rí nǹkan bí 14.4 m/s², tó jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ agbára òòfà ilẹ̀. Wàyí o, ṣé táyà tí ẹ fẹ́ rà lè di ilẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yẹn ti ṣiṣẹ́ ju ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ wa á yára gan-an" lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìwé iṣẹ́ rẹ, àti ibi tí wàá fi ránṣẹ́

Kó iṣẹ́ mẹ́ta tó dára jù sínú PDF kan tí kò ju ojú ewé 10 lọ. Lórí CV, yọ fọ́tò kúrò, yọ ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìjọba ìbílẹ̀ àti "single" kúrò; ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn kò fẹ́ wọn. Má kọ "passionate about F1". Kọ "mo wọn ipá tó ń fa Corolla sẹ́yìn, ìyàtọ̀ táyà 24 psi àti 32 psi rèé".

Má sì jẹ́ kí orúkọ F1 dí ọ lójú. Àwọn tó ń ṣe páàtì fún wọn pọ̀, ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ ti wọ inú ilé: Cosworth ní Northampton, Xtrac tó ń ṣe gíà, AP Racing àti Brembo tó ń ṣe bíréèkì, Öhlins tó ń ṣe ṣọ́ọ̀kì, Bosch Motorsport. Dallara ní Ítálì ló ń kọ́ férémù gbogbo ọkọ̀ Formula 2, Formula 3 àti IndyCar. Àyè fún akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sábà máa ń ṣí láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ẹni tó bá ní òun á bá ọ wá iṣẹ́ F1 kí o kọ́kọ́ sanwó, ọlọ́ṣà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: òkè òkun, owó àti físà

Gbogbo ènìyàn ń sáré lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà. Cranfield àti Oxford Brookes ní Másítà motorsport tó lórúkọ. Owó ibẹ̀ ń gún ojú. Graduate visa ń fún ọ ní ọdún méjì lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀ láti January 2027, oṣù 18 ni. Láti July 2025, owó oṣù tí Skilled Worker visa ń béèrè ti di £41,700 lọ́dún, pẹ̀lú ìdínkù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ka ojú ìwé ìjọba wọn fúnra rẹ kí o tó san kọ́bọ̀, torí òfin yìí ń yí padà.

Ítálì ni mo rò pé àwọn ọmọ wa kò wò tó. MUNER, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017, jẹ́ àjọṣe yunifásítì Bologna, Ferrara, Parma àti Modena pẹ̀lú Ferrari, Lamborghini, Ducati, Dallara àti àwọn mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ Másítà Advanced Automotive Engineering níbẹ̀, owó ilé-ìwé ìjọba sì ń tẹ̀ lé bí owó ilé rẹ ṣe tó. ER.GO, ilé-iṣẹ́ ìjọba Emilia-Romagna, ẹkùn tí àwọn yunifásítì yẹn wà, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ní ìrànwọ́. Wọn kì í gba ènìyàn púpọ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin àti karùn-ún rẹ ló máa sọ̀rọ̀ fún ọ.

Jámánì náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba kò gba owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ń gba €1,500 ní sẹ̀mẹ́sítà kan lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ EU, TU München náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Wàá ní láti fi €11,904 sí àpò ìfowópamọ́ títì kí wọ́n tó fún ọ ní físà. Fún ìrànwọ́ owó ilé-ìwé, wo DAAD ti Jámánì, PTDF ti Nàìjíríà àti ti Commonwealth. Chevening, ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ kí o ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì ná, nítorí náà NYSC rẹ kì í ṣe àkókò ìsinmi.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Wọn kì í sábà béèrè ohun ńlá. Wọ́n lè bi ọ́ pé: bí a bá mú kí anti-roll bar iwájú, ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú kọ́nà, le sí i, kí ni ọkọ̀ máa ṣe nínú kọ́nà? Má sáré dáhùn. Fi ẹnu ronú kí wọ́n gbọ́. Bí iwájú bá le sí i, táyà iwájú tó wà ní ìta kọ́nà á gba ẹrù púpọ̀ sí i, ti inú á fúyẹ́. Táyà kì í fi ìwọ̀n kan náà di ilẹ̀ mú sí i bí ẹrù rẹ̀ ṣe ń pọ̀; bí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, dídì rẹ̀ kì í tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, iwájú lápapọ̀ á pàdánù dídì díẹ̀, ọkọ̀ á máa kọ̀ láti yí, awakọ̀ á ní iwájú ń yọ̀. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé wọ́n bi ọ́, sọ bí o ṣe máa wọ̀n ọ́n: ìwọ̀n síárìn ní ìyára kan náà, kọ́nà kan náà, kí ó tó yí padà àti lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta.